Bí Eré Bí Eré: Ìdènà, Ìwà Ọmọlúàbí àti Rọ́bọ́ọ̀tì Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo jókòó sínú gbọ̀ngàn kan ní Victoria Garden City, àdúgbò tí gbogbo awakọ̀ ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ajah mọ̀ sí VGC. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní dandan, àfi kí n wá wo òun. Ọmọ ọdún 14 ni. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló fẹ́ gbá, kì í sì í ṣe eré ìje ló fẹ́ sá. Rọ́bọ́ọ̀tì ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò pọ̀, wọ́n sì fẹ́ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn dán an wò kí ọjọ́ ìdíje gan-an tó kò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n má parọ́ fún yín, mo rò pé eré ọmọdé ni mo ń lọ wò. Mo tilẹ̀ mú ìwé ìròyìn dání kí oorun má baà gbé mi lọ. Àṣé mi ò mọ nǹkan kan.

Wọ́n fi pátákó ṣe ọgbà kékeré sí àárín gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ́ nǹkan bíi ẹní rírọ̀ sílẹ̀, wọ́n wá da bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló wọlé, méjì lápá kan, méjì lápá kejì. Ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ju páálí tẹlifíṣọ̀n kékeré lọ. Àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n di rìmóòtù mú, ojú wọn le koko bí ojú awakọ̀ tó ń wọ Ọ̀ṣòdì ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ṣe apá kan sára rọ́bọ́ọ̀tì tiwọn, apá tó ń ṣa bọ́ọ̀lù nílẹ̀ tó sì ń gbé e sókè. Apá yìí ló ń fi yangàn nílé. Kódà, ó ti fún un lórúkọ.

Eré kejì kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ọ̀kan nínú rọ́bọ́ọ̀tì apá kejì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò ṣa bọ́ọ̀lù mọ́. Ó doríkọ tiwa tààrà, ó tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó, ó há a mọ́ ibẹ̀, ó sì ń tì í ṣáá. A kàn gbọ́ “kàà!” ni. Apá ti kán, ó ń rọ̀ dirodiro bí ẹ̀ka igi tí ìjì ṣẹ́.

Ariwo sọ. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń pòṣé. Màmá ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ tiwa dìde, ó ní irú ìyà wo lèyí, ṣé ìdánrawò kọ́ ni wọ́n pè é ni? Kóòṣì apá kejì ní kí wọ́n fara balẹ̀, ó ní nǹkan tó wà nínú òfin ni. Ọmọ tó di rìmóòtù ọ̀hún mú wá sún mọ́ wa. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n bí a ò bá dán ìdènà wò lónìí, ìgbà wo la máa wá dán an wò?”

Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Ìbéèrè yẹn tẹ̀lé mi wọ mọ́tò, ó bá mi dé ilé, òun náà ló sì gbé gègé lé mi lọ́wọ́.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ tí a dúró lé. Àgbààgbà tó bá mọ Èkó dáadáa yóò rántí pé kì í pẹ́ títí tí gbogbo ìhà ibẹ̀ fi jẹ́ àbàtà, ọ̀sà àti abúlé apẹja. Ikota wà níbẹ̀, Ajah wà níbẹ̀, Badore wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ sọ́jà. Ìgbà tí ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ là, nígbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande tó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ni ojú ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí i ni wọ́n da iyanrìn sí àbàtà ẹ̀gbẹ́ Ikota tí wọ́n sì sọ ọ́ di VGC, pẹ̀lú gèètì, títì tó dán àti igi òdòdó.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àṣà àwọn ará ibẹ̀ ti pẹ́, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ tuntun. Rọ́bọ́ọ̀tì tuntun, ilé tuntun, ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ti ń ta ayò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọmọ yẹn bi mí kì í ṣe tuntun rárá. Ó ti wà látìgbà tí ọmọ ènìyàn ti ń fi eré múra sílẹ̀ de ìdíje.

Ibi tí eré rọ́bọ́ọ̀tì ti wá

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Woodie Flowers. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT. Ní ọdún 1970 sí 1979, ó wà lára àwọn tó sọ kíláàsì kan níbẹ̀ di ìran àpéwò. Wọ́n á kó páálí kan tí àwọn ẹ̀rọ àti irin wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kó lọ fi ṣe ẹ̀rọ kan tó lè ṣe iṣẹ́ báyìí-báyìí, lẹ́yìn náà àwọn ẹ̀rọ náà á wá figagbága níwájú gbogbo ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fẹ́ wọ kíláàsì tẹ́lẹ̀ wá ń sùn sí ibi iṣẹ́.

Dean Kamen, ọkùnrin tó fi ṣíṣe ẹ̀rọ ìtọ́jú aláìsàn là, ló gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ mọ orúkọ gbogbo eléré ìdárayá, wọn ò sì mọ orúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo. Ó dá ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ FIRST sílẹ̀ ní 1989. Ní 1992, ẹgbẹ́ 28 péjọ sínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní ìlú Manchester, kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì o, ti New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ìdíje wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kamen pe Flowers kó wá bá òun ṣe é, Flowers sì wà nínú rẹ̀ títí ó fi jáde láyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2019.

Ẹ fi ohun tó ń lọ ní ìhà kejì wéra. Ní 1994, ní San Francisco, Marc Thorpe bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n ń pè ní Robot Wars. Ní 1998, tẹlifíṣọ̀n BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tirẹ̀ jáde. Nínú ti ìyẹn, rọ́bọ́ọ̀tì wà fún pípa ara wọn. Ayùn, òòlù, iná, gbogbo ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tí rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ bá fọ́ yángá, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, nítorí kò sí ohun tó ń pe èrò jọ bí ìjà.

Flowers kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Ohun tó ń wàásù rẹ̀ ni pé kí o bá alátakò rẹ jà tokunra-tokunra, kí o sì bọ̀wọ̀ fún un tokunra-tokunra, nígbà kan náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn: ṣe bí ẹni pé ìyá àgbà ń wò ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín. Kí ni Yorùbá ń sọ tẹ́lẹ̀? Ṣebí ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ni kì í jẹ́ kí ọmọ adúgbò hùwà tó wù ú.

Nínú ìdíje wọnyí, ó jẹ́ àṣà pé bí rọ́bọ́ọ̀tì ẹgbẹ́ kan bá bàjẹ́, ẹgbẹ́ tó fẹ́ bá a figagbága náà ló lè yá a ní mọ́tò tàbí bátìrì. Ẹni tó yá ọ ní irin lówùúrọ̀ lè lù ọ́ bolẹ̀ lọ́sàn-án. Kò sí ìjà ńbẹ̀.

Kí ni ìdènà?

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, torí àwọn òǹkàwé kan lè máa rò pé ọmọ tó há rọ́bọ́ọ̀tì wa mọ́ pátákó ṣe èrú. Kò ṣe èrú.

Nínú ọ̀pọ̀ eré rọ́bọ́ọ̀tì FIRST, ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ fi lè borí. Èkíní, kí o gba àmì púpọ̀. Èkejì, kí o má jẹ́ kí ẹlòmíràn gba tirẹ̀. Bí rọ́bọ́ọ̀tì rẹ kò bá lè ju bọ́ọ̀lù dáadáa, ó ṣì lè dúró sójú ọ̀nà bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, kó má jẹ́ kí ọlọ́wọ́ yíyá kọjá. Láti 1999 ni wọ́n ti ń so ẹgbẹ́ pọ̀ ní méjì-méjì, nígbà tó sì di 2005 ó di mẹ́ta-mẹ́ta fún àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ńlá. Ẹgbẹ́ tí kò lówó, tí kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá, lè fi ìdènà wúlò fún àwọn tó bá so pọ̀ mọ́. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ tó wá láti ilé-ìwé tí kò ní ju ẹ̀rọ ìlugi kan lọ.

Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì ńlá lè wúwo ju kìlógíráàmù 50 lọ. Bí irú wọn méjì bá kọlu ara wọn, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin pé kí rọ́bọ́ọ̀tì ńlá wọ bọ́ńpà, bíi mọ́tò. Wọ́n ṣe òfin pé o ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dojú rọ́bọ́ọ̀tì ẹlòmíràn bolẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Wọ́n ní o lè há a mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n rẹfirí á máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ti pé mẹ́ta tàbí márùn-ún, bí ìwé òfin ọdún náà bá ti wí, o gbọdọ̀ sún sẹ́yìn kí o jẹ́ kó mí. Bí o bá kọ̀, àmì á lọ fún alátakò rẹ.

Wọ́n ti gbìyànjú láti mú ìdènà kúrò pátápátá. Ní 2001, wọ́n kó gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí apá kan náà, kò sí alátakò lórí pápá. Ní 2015, wọ́n pín pápá sí méjì, kò sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ ló ní eré náà ti tẹ́ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ní 2016, wọ́n kọ́ ohun tó jọ odi ìlú sórí pápá, ìdènà sì padà dé pẹ̀lú agbára.

Èyí tó gbà mí láfiyèsí jù ni ti 2003. Lọ́dún yẹn, rọ́bọ́ọ̀tì ń wó àpótí ike tí wọ́n tò jọ. Ètò àmì wọn rí bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí alátakò rẹ bá ní àmì púpọ̀, ìwọ tó borí yóò jẹ èrè rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ìkọ̀kọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: “Má wó tèmi, èmi náà ò ní wó tìrẹ.” Àwọn kan ní ọgbọ́n ni. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ gbáà ni, pé ẹ ti pàdí àpò pọ̀, ẹ wá ń tan àwọn òǹwòran. Awuyewuye náà gbóná.

Ẹ rí i báyìí pé ojú méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ẹni tó ń fọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ẹlòmíràn kò ṣe dáadáa. Ẹni tó bá alátakò rẹ̀ mulẹ̀ pé kí àwọn má jà, òun náà ti sọ eré di irọ́. Ọmọlúàbí ń bẹ láàárín méjèèjì.

Ayò àti ìjàkadì ti mọ èyí tipẹ́

Ká má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ẹ gbé ọpọ́n ayò wá. Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Nínú ayò, ìdènà wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á kó odù jọ sí ojúlé kan, á máa fi ọgbọ́n há ẹnì kejì mọ́, títí tí kò fi ní rí ibi tó máa gbà. Wọ́n á máa fi í ṣẹ̀sín, wọ́n á ní ọ̀tá ń pa ọ̀pẹ́. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ayò bá tán pátápátá nílé alátakò rẹ, òfin ní kí o ta èyí tó máa fún un ní ọmọ, bí o bá lè rí irú rẹ̀ ta. O ò gbọdọ̀ febi pa á. Ẹni tí ebi pa kú kò lè bá ọ ta ayò mọ́, ọpọ́n á sì ṣófo. Àwọn baba wa kò lọ sí MIT kí wọ́n tó mọ èyí.

Ìjàkadì ńkọ́? Ọ̀fà la kọ́kọ́ ń rántí, torí oríkì ìlú náà kò pé láìmẹ́nu ba ìjàkadì. Ìjàkadì kì í ṣe eré ojo. Wọn á di ara wọn mú, wọn á gbé ara wọn sókè, iṣan á dìde lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí pé kí o tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sí pé kí o gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Wọ́n dá a ni, wọn ò pa á.

Ó tún ní ohun kan tí àwọn ọmọ tó dàgbà sínú ìjàkadì mọ̀. Bí ọmọ kékeré bá fẹ́ kọ́ ọ, àgbà kì í fi gbogbo agbára gbé e lulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á jẹ́ kó dì í mú, á fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ kọ́ni, á rọra gbé e kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì á túbọ̀ le sí i. Ọjọ́ àjọ̀dún nìkan ni kò sí àánú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdánrawò àti ìdíje nìyẹn: agbára kan náà ni, ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Ohun tí èmi fúnra mi ṣe

Mo lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀, kí n ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá ń bá ọmọdé wí gbọ́dọ̀ sọ ti ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọdún 1994 ni. Gbogbo yín tẹ́ ẹ gbọ́njú ẹ mọ ọdún yẹn. Oṣù kẹrin ni Nàìjíríà na Zambia ní 2 sí 1 ní Tunis, tí Emmanuel Amuneke gbá méjèèjì wọlé, tí a gba ife Áfíríkà. Oṣù kẹfà ni a lọ sí ìdíje àgbáyé ní Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ọmọ gírámà tí kò fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù. Èmi ni báàkì nọ́ńbà 3 ilé-ìwé wa. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin tí a ó bá ilé-ìwé kejì figagbága. A pín ara wa sí méjì láti dánra wò. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wa, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, wà ní apá kejì. Ó ti fi mí ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀mejì, ó gba bọ́ọ̀lù láàárín ẹsẹ̀ mi, àwọn ọmọbìnrin sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta tó ń bọ̀, mi ò wo bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo wò.

Ìró tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ gan-an ni mo gbọ́ ní VGC. “Kàà!”

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́wọ́ eegun. Ó rìn padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò gbá bọ́ọ̀lù ìdíje mọ́ títí a fi jáde. Ìdíje tí a ń múra sílẹ̀ fún, wọ́n nà wá ní 4 sí 0, nítorí kò sí ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Olùkọ́ wa ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá ni. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá ní òun ti dárí jì mí. Èmi ni mi ò tíì dárí ji ara mi, torí èmi nìkan ló mọ ibi tí ojú mi wà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ọmọ tó ń dènà kì í ṣe “Ṣé o ká a mọ́?” Ohun tó yẹ ká bi í ni “Kí ni ojú rẹ ń wò?” Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ni, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, ẹ dá a dúró.

Àwọn ọmọ Áfíríkà lórí pápá àgbáyé

Ẹnì kan lè ní kí ni gbogbo ariwo yìí wà fún, ṣebí ohun ìṣeré lásán ni. Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ohun ìṣeré.

Ní oṣù keje ọdún 2017, ìdíje FIRST Global àkọ́kọ́ wáyé ní Washington, níbi tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó lé ní 150 ti pàdé, Nàìjíríà wà lára wọn. Lórí omi mímọ́ ni wọ́n gbé eré ọdún náà kà. Ẹ ó rántí pé ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀ láti fún àwọn ọmọbìnrin Afghanistan àti àwọn ọmọ Gambia ní físà, kó tó di pé wọ́n yí ọkàn padà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, gẹ́gẹ́ bí òfin eré náà. Ẹni tó jẹ́ alátakò rẹ lówùúrọ̀ lè di alábàáṣe rẹ lọ́sàn-án. Bí o bá ti fọ́ rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ lówùúrọ̀, kí lo máa fi borí lọ́sàn-án?

Ní 2021, àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ Methodist Girls ní Mamfe, ní Ghana, gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé Robofest, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Michigan ń ṣe ètò rẹ̀. Ọmọ Mamfe ni o, kì í ṣe ọmọ New York. Ní Èkó níbí náà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń kópa nínú ìdíje FIRST LEGO League. Nínú ti ìyẹn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń dí ẹnì kejì lọ́nà. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà kọjá ìyẹn, tí wọ́n bọ́ sí orí pápá tí rọ́bọ́ọ̀tì mẹ́rin tàbí mẹ́fà wà lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ń kọ́kọ́ fojú kan ìdènà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, inú ń bí wọn, àwọn òbí tó jókòó sẹ́yìn kò sì mọ òfin. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn mi

Ẹ jẹ́ kí n padà sí VGC, kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe parí.

Màmá tó bínú yẹn mú ọmọ tirẹ̀ lọ sílé. Wọn ò padà wá. Èyí dùn mí, torí bóyá ọmọ ọ̀hún ló máa tún apá yẹn ṣe jù. Kóòṣì méjèèjì fajú ro síra wọn fún bí ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò dúró de àwọn àgbà. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè gbé àpótí ìdè irin wọn wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tú apá náà palẹ̀. Wọ́n wá rí i pé ìdè kan ṣoṣo ló di gbogbo apá náà mú níbi oríkèé, kò sì tó. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìdíje ló kán, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti wọgbó.

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ní: “Ó yá, wá tì í. Ṣùgbọ́n rọra kọ́kọ́ tì í ná, tí n bá ní ó tó, kí o dúró.” Ó tì í. Ó le díẹ̀ sí i. Ó tún le sí i. Apá náà wọ́ díẹ̀, kò kán.

Ìdáhùn tí mi ò rí fún ọmọ yẹn láàárọ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ ló rí i. Òní ni ká dán ìdènà wò, òótọ́ ló sọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹgbẹ́ tí wọn ò dí lọ́nà rí níbi ìdánrawò, ẹkún ló máa sun lọ́jọ́ ìdíje. Àmọ́, kí o kọ́kọ́ sọ fún ẹnì kejì pé o ń bọ̀. Kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọlẹ̀. Kí o dúró bó bá ní kí o dúró. Bí nǹkan bá sì kán, kí o gbé àpótí irin rẹ wá. Lọ́jọ́ ìdíje, rẹfirí ló ń ka ìṣẹ́jú àáyá fún ọ. Níbi ìdánrawò, kò sí rẹfirí, ìwọ fúnra rẹ lo máa kà á.

Sí ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má pàtẹ́wọ́ nígbà tí nǹkan ọmọ ẹlòmíràn bá kán. Ẹ má sì mú ọmọ yín sá lọ sílé nígbà tí tirẹ̀ bá kán. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀, kó tú u palẹ̀, kó wo ibi tí ìdè kò tó.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan sọ èyí fún mi ní 1994, bóyá ọ̀rẹ́ mi á ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn kọjá mi nígbà kẹta, á ti gbá a wọlé, màá sì ti bá a rẹ́rìn-ín.